Ìró Tó Jáde Ní Àyà Màmá

Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ni aránṣọ náà ti gba orúkọ yẹn. Ọlọ́wọ́ Irin. Bó bá ti ilẹ̀kùn, gbogbo ilé á mì. Bó bá gbé abọ́, kí ẹ ti máa wá ìgbálẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí gan-an, ife Màmá tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Màmá sì sọ ọ́ títí oòrùn fi mú. Ẹ má bi mí ohun tó dé tí àgbàlagbà ò lè gbé ọ̀rọ̀ ife mì. Ìyá ọkọ ni. Aránṣọ kàn ń fi ìbínú tẹ maṣíìnì rẹ̀.

Ọ̀sán ni Màmá dìde pé òun fẹ́ bomi mu. Ó di àyà mú, ó sì ṣubú gbì. Aránṣọ sáré dé ibẹ̀. Ó pè é, kò dáhùn. Ó gbé etí sí imú rẹ̀, kò sí èémí.

Wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó ṣe. Ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń rí sí àìsàn ọkàn ti wá sí gbọ̀ngàn àdúgbò wọn. Nọ́ọ̀sì wọn tẹ́ ọmọlangidi rọ́bà sílẹ̀, ó fi bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró hàn wọ́n. Bí èèyàn bá tẹ ọmọlangidi náà jinlẹ̀ tó, á dún kà. Ti aránṣọ ló dún jù, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ohun tí nọ́ọ̀sì gbàgbé láti sọ ni pé àyà èèyàn kì í dún.

Ó ké sí àbúrò ọkọ rẹ̀, Àǹtí Tíṣà, pé kó tètè pe nọ́ńbà ẹgbẹ́ náà tí òun lẹ̀ mọ́ ara maṣíìnì. Òun fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀, ó to ọwọ́ léra láàárín àyà Màmá, ó ń tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Ẹ̀rù bà á pé òun ò ṣe é dáadáa, ló bá fi gbogbo ara lé e. Kà! Inú rẹ̀ dùn, ó ní ó ti bọ́ sí i wàyí. Àfi bí abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe rọ̀ lójijì. Egungun ló kán.

Àǹtí Tíṣà gbọ́ ọ. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbá ìyàwó léjìká mú, ó ní ṣé tìtorí ife lásán ló ṣe fẹ́ pa ìyá àwọn. Ọwọ́ aránṣọ dúró sókè. Bí Màmá bá kú sí i lọ́wọ́ báyìí, títí dórí ọmọ-ọmọ ni wọ́n á máa sọ pé ìyàwó ló tẹ̀ ẹ́ pa. Bó bá ṣíwọ́, wọ́n á ní Ọlọ́run ló mú un lọ, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, èwo lẹ máa mú?

Ohùn nọ́ọ̀sì jáde láti inú fóònù tó wà nílẹ̀. Ó ní ọkọ̀ àwọn dókítà ti ń bọ̀, kí ló dé tí wọ́n dákẹ́?

“Egungun wọn ti kán,” aránṣọ wí.

“Egungun á jinná. Òkú ò ní jinná. Máa tẹ̀ ẹ́.”

Aránṣọ já ara rẹ̀ gbà. “Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Tí wọ́n bá kú, kí ẹ wá fi ojú mi rí ohun tí ẹ bá fẹ́.”

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Òógùn rẹ̀ ń kán sójú Màmá, apá ń ro ó, egungun yẹn sì ń yẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́. Ó ń rí i lára, ṣùgbọ́n kò dúró. Àǹtí Tíṣà di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú, ó ń sunkún. Nígbà tí àwọn dókítà wọlé tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta ọkàn jí jáde, àwọn ni wọ́n fà á kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ tí Màmá lè sọ̀rọ̀ ní ọsibítù, gbogbo ẹbí yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká. Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn. Àǹtí Tíṣà ti rò fún ìyá rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, títí kan egungun. Màmá wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ títí.

“Ọlọ́wọ́ Irin,” ó ní, “o tún ti fọ́ nǹkan.”

Aránṣọ kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ní kí Màmá má bínú.

“Ta ló ń bínú? Gbé ọwọ́ yẹn wá.”

Màmá gba ọwọ́ náà, ó gbé e lé ibi tó ń dùn ún gan-an, kò sì jẹ́ kó gbé e kúrò.