Àga Méjì Inú Ọ̀pọ̀lọ́

Kí ẹnikẹ́ni tó bú Dúrójayé pé ó fi owó kòkó ra ohun ìṣeré, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bú Mojísọ́lá, ìyàwó rẹ̀ kékeré, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni ìwà òmùgọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Lọ́rì ni ọkùnrin yẹn fẹ́ rà. Lọ́rì gidi, onípákó lẹ́yìn, tí yóò máa kó kòkó láti oko wá sí Ìkẹ̀rẹ́, tí àwọn ọlọ́jà á sì máa wọ̀ lọ sí Emùré. Ó ti lọ wò ó. Ó ti fọwọ́ tẹ táyà rẹ̀ bí ẹni ń yan ewúrẹ́ lọ́jà. Àfi bí òyìnbó kan tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀nà ṣe fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, tó sì gbé mọ́tò pupa kan síta fún títà. Mọ́tò náà kò ní òrùlé. Ó lọ sílẹ̀ débi pé adìyẹ lè fò ó kọjá láìsáré, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì sì yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ọkọ̀ eré ni òyìnbó pè é. Mojísọ́lá yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó ka àga. Méjì ni.

"Bàbá Bọ́dúndé," ó ní, "ẹ fi lọ́rì sílẹ̀. Ta ni ò ní lọ́rì? Èyí ni ti ọlọ́lá."

Kò sọ ti àga. Ọ̀kan fún ọkọ, ọ̀kan fún òun, kò sì sí ibi tí Mary, ìyálé rẹ̀, máa fi ìdí lé. Ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú mọ́tò nìyẹn. Bí ọgbọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú orí rẹ̀ nígbà náà nìyẹn, orí tó jẹ́ pé gèlè nìkan ló wúlò fún.

Wọn ò tíì gbé ọkọ̀ náà délé tí àwọn ọmọdé Ìkẹ̀rẹ́ ti sọ ọ́ ní Ọ̀pọ̀lọ́. Orúkọ náà sì ro ó. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í fẹ́ kí wọ́n jí òun. Bátìrì rẹ̀ ti kú, ẹni tó mọ irú rẹ̀ tún ṣe kò sì sí nítòsí, nítorí náà orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé ni Dúrójayé máa ń gbé e sí, kó lè yí lọ sísàlẹ̀ láàárọ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi gbà. Níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ò bá sí, títì ni. Baba ò sì jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kàn án. "Ọwọ́ yín le jù," ni yóò wí, "ẹ máa tẹ̀ ẹ́ níkùn." Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi èjìká tì í láti ẹ̀yìn, Mojísọ́lá á wà nídìí síárìn. Bí ó bá ti pariwo pé, "Fi sílẹ̀!", Mojísọ́lá á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kilọ́ọ̀ṣì, Ọ̀pọ̀lọ́ á wúkọ́, á gbọ̀n bí ẹni ibà mú, á sì gbéra. Láti ìgbà náà, kò gbọdọ̀ dúró mọ́ títí wọ́n á fi débi tí wọ́n ń lọ. Dúrójayé, àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, á sáré tẹ̀lé e, á fò kọjá orí ilẹ̀kùn tí kò ṣí mọ́, á já sórí àga gbì, á wá máa rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó jí ẹran jẹ nínú ìkòkò tí ẹnì kan ò rí i.

Bí Mojísọ́lá ṣe di awakọ̀ nìyẹn. Ẹnì kankan ò kọ́ ọ. Ìdí rẹ̀ ló kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́: apá òsì á wọ inú àga ná, apá ọ̀tún á tẹ̀ lé e, ìyá á mí kanlẹ̀, á sì há síbẹ̀ bí ẹ̀kọ nínú ewé. Ewúrẹ́ ti jẹ aṣọ tó yẹ kó jẹ́ òrùlé. Agbòjò ni wọ́n ń ṣí bí òjò bá dé, atẹ́gùn á sì yí agbòjò padà di abọ́. Fèrè rẹ̀ a máa dún fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá yà sí ọwọ́ òsì, kí wọ́n wà níwájú ààfin tàbí níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gba ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, tí atẹ́gùn wọ inú bùbá, tí pápá ń sá sẹ́yìn, tí Dúrójayé wọ awòojú dúdú tí òyìnbó fi ta á lọ́rẹ nítorí eruku, tó ń fi ọwọ́ kí gbogbo ẹni tó wà lọ́nà bí ọba, Mojísọ́lá mọ̀ pé àwọn tó wà lọ́run pàápàá ń jowú òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, Mary ló yẹ kó lọ. Àlàbí, ọ̀rẹ́ Dúrójayé ní Emùré, ń ṣí ilé tuntun. Mary ti wọ aṣọ òkè rẹ̀, ó ti fi ìpara pa ẹsẹ̀, ó ti mú báàgì dání. Nígbà tó jáde, Mojísọ́lá ti wà nínú àga.

"Ìyá Bọ́dúndé, ẹ má bínú," Mojísọ́lá ní, "ìdí mi ti há. Bí ẹ bá fẹ́ kí n jáde, ẹ lọ pe káfíńtà wá."

Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín. Mary ò rẹ́rìn-ín. Dúrójayé wo obìnrin méjèèjì, ó họ orí.

"Mary, má bọ́ aṣọ yẹn o," ó ní. "Bí a bá ti dé báyìí, ìwọ ló kàn. Màá gbé ọ yí Ìkẹ̀rẹ́ po títí wàá fi sọ pé ó tó."

"Mo gbọ́," ni Mary wí.

Ní ilé Àlàbí, Dúrójayé jẹ iyán, ó tún bu òmíràn. Ó ń fọwọ́ ra àyà, ó ní ata ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa bọ̀, Àlàbí ní kí àwọn ọ̀dọ́ bá a ti ọkọ̀, ó kọ̀. Ó fi èjìká tì í. Ó pẹ́ kí ó tó pariwo, "Fi sílẹ̀!" Ọ̀pọ̀lọ́ wúkọ́, ó gbéra, baba sì sáré tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ yẹn kò fò. Ó wọ́ ara rẹ̀ kọjá ilẹ̀kùn, ó ṣubú sórí àga, ó fa awòojú wálẹ̀.

"Mojí," ó ní, "máa lọ."

Mojísọ́lá ń lọ. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ti ń lọ: pé iyán Emùré ò dán tó ti Ìkẹ̀rẹ́, pé ìyàwó Àlàbí fi ẹran tó dáa pamọ́, pé kí baba yéé sùn síbẹ̀, kó bá òun wo kòtò. Baba ò dáhùn. Mojísọ́lá bú u díẹ̀. Ó ní ẹni tó bá yó bí ẹlẹ́dẹ̀, àfi kó sùn bí ẹlẹ́dẹ̀.

Lẹ́bàá ọ̀nà, obìnrin kan tó ru igi ìdáná yà sínú koríko fún wọn. "Ẹ kú ìrìn o, Bàbá Ọlọ́pọ̀lọ́! Ẹ ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ o!"

Dúrójayé ò dáhùn.

Ọkùnrin yìí kì í jẹ́ kí ìkíni bọ́ sílẹ̀. Ọmọdé kí i, á dáhùn. Wèrè kí i, á dáhùn, á tún béèrè ará ilé wèrè. Mojísọ́lá gbé ọwọ́ òsì lé e lọ́wọ́. Ó gbé ọwọ́ náà sókè, ó fi í sílẹ̀, ọwọ́ sì balẹ̀ bí ohun tí kò ní ẹni tó ni ín.

Kò pariwo. Ó ń retí igbe, igbe ò wá. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé epo ọbẹ̀ kan wà lápá aṣọ baba, pé ọṣẹ dúdú ló máa fọ̀ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá rò ó pé bí òun bá dúró, ọkọ̀ á kú, ẹni tó sì máa ń tì í ló jókòó yìí.

Ìsẹ̀ wà níwájú. Ẹ mọ bí ó ṣe rí: a kì í gbé òkú kọjá nínú ìlú onílùú bí ẹni gbé ẹrù uṣu. Wọ́n á dá ọ dúró. Wọ́n á ránṣẹ́ sí àwọn àgbà, àwọn àgbà á béèrè ohun ètùtù, òkú á sì sùn sójú ọ̀nà bí ajá tí mọ́tò pa. Ohun kan ṣoṣo sì ni Dúrójayé máa ń sọ bí ọ̀rọ̀ ikú bá dé: "Ulé ni kí ẹ sin mí sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba mi. Ẹ má jẹ́ kí n sun ìta." Mojísọ́lá fi orúnkún di síárìn mú, ó tú gèlè rẹ̀, ó gbà á yí àyà ọkọ rẹ̀ ká, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn àga. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Awòojú wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ ọjà ni ní Ìsẹ̀. Àwọn ọmọdé sáré tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń kọrin Ọ̀pọ̀lọ́. Ní gbogbo ibi tí wọ́n ti kí Dúrójayé, Mojísọ́lá ló ń dáhùn. "A dúpẹ́ o! Ó ń kí yín o!" Ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, bí fèrè ọkọ̀. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n jáde nílùú ni agbo ewúrẹ́ kan dúró sáàárín ọ̀nà, wọ́n ń wo Ọ̀pọ̀lọ́ bí àna. Mojísọ́lá tẹ bíréèkì. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

Àwọn èèyàn pé lé wọn lórí.

"Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ ó fúyẹ́!"

"Wọn ò gbọ́ ni?"

"Ó ti yó," Mojísọ́lá ní. "Iyán Emùré ló mú un dákú. Ẹ̀ ń wò ó, mo fi gèlè so ó mọ́lẹ̀ kó má baà já bọ́ sí kòtò. Èmi ni mo wá ṣí orí sílẹ̀ yìí, bí adìyẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mojísọ́lá náà rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ẹ̀rín aládùúgbò lẹ́yìn ògiri.

Ezekiel wá láàárín wọn, olùkọ́ tó ti bá Dúrójayé ṣọ̀rẹ́ kí ilé ìwé ọ̀fẹ́ tó kó ọmọ kún iwájú rẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi!" ó ní. "Ìwọ ni wọ́n so bí àgbò ọdún yìí?" Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ Dúrójayé mú láti bọ̀ ọ́.

Ọwọ́ náà pẹ́ nínú tirẹ̀. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ ò kúrò, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan nínú ẹ̀rín náà mọ́. Ó wo Mojísọ́lá. Mojísọ́lá wo àwọn ewúrẹ́.

Ezekiel gbé ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà sórí itan rẹ̀, ó tẹ́ ẹ dáadáa. "Ẹ jẹ́ kí baba sùn," ó pariwo sí àwọn ọ̀dọ́. "Ẹ bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ tì í! Ẹ má dá wọn dúró!" Òun fúnra rẹ̀ fi èjìká sí i, níbi tí Dúrójayé máa ń fi sí. Òun náà ló pariwo, "Fi sílẹ̀!"

Òjò bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà Ìkẹ̀rẹ́. Agbòjò wà lẹ́sẹ̀ baba, Mojísọ́lá ò sì ní ọwọ́ kẹta. Òjò ń rọ̀ sí ọkọ rẹ̀ lójú, kò nù ún. Ó ń ṣàn lórí awòojú, ó ń wọ inú bùbá. Mojísọ́lá ń wo ọ̀nà. Ó yẹra fún kòtò, ó yí jíà, ó yẹra fún òmíràn. Lẹ́ẹ̀kan ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," nígbà tí wọ́n bọ́ sí èyí tí kò rí. Ara rẹ̀ dà bí ẹni tó sùn lé apá: ó mọ̀ pé apá náà wà níbẹ̀, kò kàn lè rí i lò. Ó gbìyànjú láti rántí ọjọ́ kan tó jẹ́ pé Mary ló jókòó sí àga yẹn, kò rí ọ̀kankan. Nígbà tí Olósùnta, òkè Ìkẹ̀rẹ́, yọ lókèèrè, tó tutù, tó ń dán, ó bi ara rẹ̀ bóyá àlùbọ́sà ṣì wà nílé.

Òjò ti dá nígbà tó yà sí ọwọ́ òsì sí àdúgbò wọn, fèrè sì dún fúnra rẹ̀. Ó gbé Ọ̀pọ̀lọ́ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé, ó dúró síbi tó máa ń dúró sí. Kò pa ẹ́ńjìnnì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí kilọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí síárìn. Ó ti mú baba dé ulé.

Ilẹ̀kùn ṣí. Mary jáde, ó ṣì wọ aṣọ òkè rẹ̀, báàgì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ nítorí ilẹ̀ ń yọ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí kì í ṣí, níbi tí fìlà ọkọ wọn tó rin fún omi ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kí baba káàbọ̀. Ó fọwọ́ kan ọwọ́ baba tó ti tutù, ó dìde, ó wo gèlè tó so àyà, ó wo orí Mojísọ́lá tí kò ní gèlè. Ó fi ọwọ́ nu omi kúrò lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì pupa náà.

"Ìyàwó, sọ̀ kalẹ̀ fún mi," Mary ní. "Ó ní bí ẹ bá ti dé, èmi ló kàn."