Àwo Olódòdó Mẹ́fà

Igbá kan ṣoṣo ni Gàníyù aránfìlà fi ń jẹun láti ọjọ́ tí Ràbíátù ìyàwó rẹ̀ ti wọlé ọkọ ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọdún tí eṣú jẹ oko tán, inú igbá náà ni wọ́n ti ń pín ẹ̀kọ tútù jẹ, tí Gàníyù á fi ìdajì tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé Ràbíátù ń fọ́mọ lọ́mú. Nígbà tí igbá sán, wọ́n fi okùn gán an. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì rẹ̀ pé kí ni igbá túmọ̀ sí.

Ọkọ̀ ojú irin ló gbé àwo tánganran dé. Gàníyù lọ sí Ọjà'ba láti mú ẹyọ kan, òǹtajà sì tẹ́ mẹ́rin síwájú rẹ̀: olódòdó, ẹlẹ́yẹ, èyí tí etí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró, àti funfun báláú. Ó gbé èyí, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbé tọ̀hún. Ẹ̀rù ń bà á pé èyí tí òun bá fi sílẹ̀ gan-an ni yóò dára jù. Ló bá fi fìlà ṣe pàṣípààrọ̀, ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wálé.

Láti ìgbà náà, bó bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, á máa gbọ́ kan-kan, kan-kan lẹ́yìnkùlé, níbi tí Ràbíátù ti ń gbé àwo sókè sódò. Kí ló ń rò tó bẹ́ẹ̀? Nígbà tí wọ́n ń fi igbá jẹun, oúnjẹ kì í pẹ́ báyìí.

Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún Ọlábọ̀wálé aládùúgbò rẹ̀. Bàbá Ọlábọ̀wálé ló ń gbé àrokò lọ sí bùdó nígbà ogun, ìyẹn ohun tí wọ́n ń dì ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọlábọ̀wálé fúnra rẹ̀ sì gbà pé kò sóhun tí òun ò lè tú.

“Èwo ló fi gbé oúnjẹ rẹ wá lánàá?”

“Ẹlẹ́yẹ.”

“Ẹyẹ!” Ọlábọ̀wálé ṣu ẹnu jọ. “Ẹyẹ kì í bà sórí igi kan títí o, Gàníyù.”

“Ìwọ náà! Àwo ni mo wí.”

“Ó dáa, máa jẹun lọ. Bó bá fò, má wá mi wá.”

Gàníyù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àwo.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, Àkíbù, tó ń gbé òwú wá fún un láti Oníyanrìn, yà kí i lẹ́yìn ìrun. Ràbíátù gbé ẹ̀wà jáde. Ó gbé àwo funfun síwájú ọkọ rẹ̀, ó gbé olódòdó síwájú àlejò. Bí Àkíbù ti ń jẹ ẹ́ ni òdòdó ń yọ lábẹ́ ẹ̀wà, tí Gàníyù sì ń kà á nínú. Mẹ́fà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ta ni kò mọ̀ pé bí èèyàn bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, “ọkàn mi fà sí ọ” ló ń wí? Ẹ̀fà, fífà.

“Ẹ̀wà yìí mà dùn o, ìyàwó wa,” ni Àkíbù wí.

“Ṣé nínú àwo yẹn ló ti dùn mọ́ ọ?” Gàníyù bi í.

Àkíbù wo àwo, ó wo Gàníyù, ó sáré jẹun tán, ó dágbére. Gàníyù fura sí ìsáré yẹn pàápàá.

“Ràbíátù, kí lo rí lára Àkíbù tó o fi fún un ní mẹ́fà?”

“Mẹ́fà kí ni, Bàbá Sàídì?”

“Òdòdó! Èmi lo gbé òfìfo funfun fún. Níjọ́sí ńkọ́? Ẹyẹ!”

“Ẹ̀yin lẹ kó mẹ́rin wálé. Bí mo bá gbé ẹlẹ́yẹ, ẹ ó jẹ díẹ̀, ẹ ó tì í. Bí mo bá gbé aláró, ẹ ó fajú ro. Ojoojúmọ́ ni mò ń dúró tì wọ́n, tí mò ń bi ara mi pé èwo ni kò ní bí ọkọ mi nínú. Funfun lẹ jẹ tán níjọ́sí, ìyẹn ni mo ṣe mú un.” Ó to àwo méjèèjì léra. “Bó bá jẹ́ àwo ló ń rojọ́ mi fún yín, ẹ jẹ́ kí n padà sílé bàbá mi ní Òjé.”

Ó wọlé. Gàníyù gbọ́ tó ń di ẹrù. Ó kó àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbé wọn lọ bá Ọlábọ̀wálé.

“Gbogbo ẹ̀?” ni ìyẹn wí. “Kí ló túmọ̀ sí?”

“Àwo ni.”

Ó padà wálé, ó dúró lẹ́nu yàrá. “Jọ̀ọ́, Ìyá Sàídì. Igbá wa dà?”

Ràbíátù wò ó tìfura-tìfura kó tó dìde. Nírọ̀lẹ́, igbá ló gbé síwájú rẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìnkùlé. Gàníyù jẹ ẹ̀wà inú rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi bọ́ sí ibi tí wọ́n ti gán igbá. Kò ka ojú okùn ibẹ̀ rí. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta...

“Kí lẹ ń kà?” Ẹrù Ràbíátù ṣì wà ní dídì lẹ́nu ọ̀nà.

“N ò ka nǹkan kan,” ni Gàníyù wí, ó sì yára fi ẹ̀wà bò ó.