Ata Díndín Lọ́jọ́ Ìrántí Ọ̀gá

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: òmùgọ̀ ni mí. Akọrin wo, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ni yóò jẹ ata díndín lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn orin, tí yóò sì fi wàrà kíkan tútù sìn ín sọ́nà? Èmi Tungabai ni. Ọ̀fun mi ló ń bọ́ mi láti ìgbà ọmọge, ikùn mi ló wá fẹ́ pa á.

Ọjọ́ ìrántí olóògbé olùkọ́ mi ni, ní Dharwad níbí, nílẹ̀ Íńdíà. Ẹni tó bá kọrin kẹ́yìn lọ́jọ́ náà ni ọ̀gá. Ipò yẹn ti di tèmi láti ìgbà tí eyín mi ṣì pé, mi ò sì ṣetán àtifi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nagaveni, akẹ́kọ̀ọ́ mi, jókòó sẹ́yìn mi, ó ń ta okùn tanpura, ohun èlò olókùn tí ọmọ ẹ̀yìn fi ń gbe olórí akọrin. Òun ló yẹ kó gba orin lẹ́nu mi bí mo bá fẹ́ mí. Ṣùgbọ́n mo ti kìlọ̀ fún un: “Bí o bá lanu kí n tó mi orí sí ẹ, màá fa etí ẹ já!”

Orin ń ṣàn, àwọn àgbà iwájú ń fi “Wáà! Wáà!” yìn mí. Bí mo ṣe ní kí n na ohùn dókè pátápátá, ata dé. Ohun tó jáde dà bí ìgbà tí èèyàn tẹ ológbò nírù.

Mo mi orí sí Nagaveni. Ó dorí kodò, kò rí mi. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo ja á léèékánná nítan. Ó rò pé mò ń bá òun wí ni, ló bá pa ẹnu dé pinpin. Mo tún ja á. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ẹnu ò là.

“Kọrin, arìndìn!”

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé e, gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́.

Ó bá kọrin. Ohùn náà gòkè, ó dúró síbẹ̀ bí àṣá, kò gbọ̀n. Mo lanu láti gba orin mi padà, mo gùfẹ̀. Ni mo bá fa tanpura sọ́dọ̀, mò ń ta okùn fún un títí ó fi parí.

Nígbà tí a kúrò lórí ìtàgé, ó wólẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi. “Màmá, ẹ má bínú. Mo rò pé ẹ ní kí n panu mọ́ ni.”

“Gbẹ́nu sọ́hùn-ún! Ta ló kọ́ ẹ láti dúró lókè bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yin náà ni, Màmá.”

Basappa, onílù mi láti ìgbà èwe, ń nu ìlù rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n rìn ní ìgìrì.

“Tunga, ìyá oníjẹkújẹ,” ó ní, “lọ́dún tó ń bọ̀, ta ló máa jókòó síwájú, ta ló máa gbé tanpura?”