Sìlíìfù Inú Fíríísà Ìyá Lará

Inú ń bí mi o, mi ò ní purọ́. Ọdún márùn-ún ni mo ti lò lọ́dọ̀ Ọ̀gá Abórìṣàdé, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe lójú ọ̀nà Ailegun ní Èjìgbò, kò sì tíì ṣe fìrídọ́ọ̀mù fún mi, àdúrà tí ọ̀gá máa ń ṣe kí ọmọṣẹ́ tó lè dá dúró. "Hassanat, o mọṣẹ́, àmọ́ ara ẹ gbóná jù." Ọdọọdún ló ń sọ ọ́. Ta ni ara ẹ̀ ò ní gbóná?

Àfi bí Akínbọ̀wálé, oníbàárà wa kan, ṣe gbé mọ́tò ẹ̀ dé. Ó fi tọ́bò sí ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i, agbára ọ̀hún sì ti la bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì méjì mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ní ibi tí písítìnì ti ń lọ sókè sódò ló fẹ́lẹ́ jù. Ká gbẹ́ ẹ fẹ̀, ká ki irin oníhò tó nípọn bọ̀ ọ́, èyí tá à ń pè ní sìlíìfù.

Ọ̀gá wò mí. "Dá a ṣe. Tó bá dúró, o gba fìrídọ́ọ̀mù. Tó bá là, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Èèyàn á kọ́kọ́ yan bulọ́ọ̀kù lórí iná kó lè fẹ̀, á gbé sìlíìfù sínú òtútù kó lè súnkì. Tí wọ́n bá ti wọnú ara wọn báyẹn, wọ́n á so mọ́ra pinpin, ó parí. A ò ní fíríísà. Ti Ìyá Lará, ẹlẹ́ja ẹ̀gbẹ́ wa, la máa ń lò. Mo wé sìlíìfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan sínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Mi ò rántí pé láílọ́ọ̀nù dúdú náà ló fi ń di ẹja kílò kílò.

Lọ́jọ́ kejì, bulọ́ọ̀kù ti gbóná dáadáa, mo sáré lọ kó wọn. Mẹ́ta ni mo bá.

"Yéè, mo ti tà á," ni Ìyá Lará wí. "Ìyàwó onílé òdìkejì ló rà á. Ó tiẹ̀ ní ẹja yẹn wúwo, pé mo ṣe dáadáa fóun."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́. Mo bá obìnrin náà nílé, ó ti rẹ sìlíìfù mi sómi gbígbóná, ó di ọ̀bẹ mú.

"Ẹja wo rèé?" ó bi mí.

"Ẹja tòkunbọ̀ ni, mà."

Àmọ́ sìlíìfù ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Fíríísà á gba ọ̀pọ̀ wákàtí, bulọ́ọ̀kù tó ti gbóná ò sì ní dúró dè mí. Mo sáré gbé e padà sọ́dọ̀ Ìyá Lará. Ó fọ́ yìnyín sínú báàfù, ó da iyọ̀ rẹpẹtẹ lé e, ó ri sìlíìfù náà sínú ẹ̀.

"Tí ò bá síná, báyìí la ṣe ń mú kí ẹja dì. Tọwọ́ bọ̀ ọ́ kó o rí i."

Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́, mo yáa yọ ọ́ kíá. Kò pẹ́ tí sìlíìfù náà fi funfun. Mo kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáré délé iṣẹ́, wọ́n sì wọlé wọ̀ọ̀ láìlo òòlù. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Akínbọ̀wálé fi wa mọ́tò náà láti Èjìgbò dé Òṣòdì, kò rọra rárá. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá tú ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì yí i ká. Kò rí ibi tó là.

Akínbọ̀wálé dọ̀bálẹ̀ fún un. "Ọ̀gá, ẹ ṣé o."

"Èmi kọ́," ni ọ̀gá fèsì, ó nàka sí mi. "Ọ̀gá tó ṣe é ni kó o dọ̀bálẹ̀ fún."

Mo wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ló ń bá wí. Kò séèyàn lẹ́yìn mi. Mo kúnlẹ̀ fún àdúrà fìrídọ́ọ̀mù, mo sì bú sẹ́kún.