Ọsàn Wẹ́wẹ́ Bu Pélé fún Ìyàwó

Ẹ jẹ́ n kọrin díẹ̀ ná, nítorí ọ̀rọ̀ ìyàwó ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ ìyàwó kì í sì í jáde lẹ́nu mi láìsí orin:

Ọmọ mi ń relé ọkọ,
Ojú rẹ̀ ń dán bí omi òwúrọ̀.
Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ ṣílẹ̀kùn,
Ìyàwó ń bọ̀ wá kí yín.

Èmi Ọ̀ṣúnkẹ́mi ni mo ṣe orin yẹn fúnra mi, nígbà tí Ìníolúwa, ọmọ ọmọ mi, fẹ́ lọ sílé ọkọ. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ò tíì dàgbà nígbà náà. Tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ni Ìníolúwa níbí ní Ìwó. Jonathan, ọmọ Kuta tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo, ló fẹ́ ẹ.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí ìgbéyàwó bá ku ọ̀la, ìyàwó á jáde sun ẹkún. Kì í ṣe ẹkún ọ̀fọ̀ o! Ẹkún olórin ni. Á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, á máa fi ohùn dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó tọ́ ọ, àwọn àgbà á sì máa súre fún un. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń pa á tì, kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi sun tèmi, Àrínọlá ọmọ mi sun tirẹ̀, Ìníolúwa tó jẹ́ ọmọ Àrínọlá ló sì kàn. Láti kékeré ni mo ti ń kọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ dùn ju tèmi lọ, tèmi ò sì burú rárá.

Àfi bó ṣe wá jókòó tì mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Màmá, ẹ má bínú. N ò ní lè sun ẹkún yẹn mọ́."

"Kí ló dé? Ọ̀fun ń dùn ọ́ ni?"

"Ojú mi ni."

Irorẹ́ ló ti yọ sí i lójú tẹ́lẹ̀. Irorẹ́ ti lọ, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ dúdú kù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ìgbà tí èèrà bá tò lọ sídìí ṣúgà.

"Ojú mi ni gbogbo àdúgbò á máa wò, Màmá. Wọn ò ní gbọ́ orin."

"Ta ló ráyè wo àpá?"

"Èmi náà ń wò ó."

Ẹkún tí mo ti ń retí láti ìgbà tó ti ń rá kòrò, ṣé irorẹ́ ló máa gbà á lọ́wọ́ mi?

Mo ní kó lọ bá Dúró tó ń ta oògùn, nítorí ó kàwé oògùn dáadáa. Dúró ní kó má sún mọ́ ìpara tó ń bó èèyàn. Ìyẹ̀fun fítámì C ló wọ̀n fún un. Ó ní díẹ̀ ni kó máa fi omi pò nírọ̀lẹ́, kó fi pa ojú, kó jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣan án. Kó má pò ó sílẹ̀ dọ̀la, ó ń bàjẹ́. Bó bá ta á jù, kó bomi sí i. Kó sì máa sá fún oòrùn.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, mo bá kọrin sí i:

Fítámì o, wọlé wá,
Àlejò tí kò jẹun,
Ojú ọmọ ni kí o tọ́jú.

Ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ yẹn ni Àrínọlá ò fẹ́ gbọ́.

"Ìyá mi, ṣebí fítámì C yìí náà ló wà nínú ọsàn?"

"Wọ́n ní ó wà níbẹ̀."

"Igi ọsàn wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìnkùlé wa, a wá ń ra ìyẹ̀fun! A kì í jókòó létí odò ká fi itọ́ bọ́jú."

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún jọ òótọ́ létí mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn ọmọ ilé ìwé Ìníolúwa fẹ́ sá eré ìje, Àrínọlá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú àwo, ó ti ìka mẹ́ta bọ̀ ọ́, ó fà á wálẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ọmọ rẹ̀, ó fà á wálẹ̀ ní tòsì. Ọmọ lọ dúró sínú oòrùn títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń pariwo fún àwọn tó ń sáré.

Nígbà tó padà dé, ojú ń ta á. Kò pẹ́ sí i, ibi tí ìka gbà wá dúdú kirikiri. Mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, wọ́n dúró ṣánṣán!

"Àrínọlá," mo ní, "ta ló bu pélé fún ọmọ yìí?"

Ẹ̀rín ń pa mí, ṣùgbọ́n Ìníolúwa bú sẹ́kún, kì í sì í ṣe ẹkún olórin. Dúró wò ó, ó ní omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti oòrùn kì í bára wọn rẹ́ lára èèyàn. Ó ní kó jẹ́ kí ara tó jó sinmi ná, kó tó padà sí fítámì. Yóò parẹ́, àmọ́ kò ní parẹ́ kí ìgbéyàwó tó dé.

Ọjọ́ ẹkún pé. Àwọn obìnrin ti kún àgbàlá, wọ́n ń retí. Ìyàwó wà nínú yàrá, ó fi ìborùn di ojú títí dé imú. Mo bẹ̀ ẹ́, ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀ jálẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀kadà fi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Oyèdèjì ni, ìyá àgbà Jonathan, láti Kuta! Kò yẹ kí ará ilé ọkọ débẹ̀ lọ́jọ́ ẹkún. Àwọn náà mọ̀.

"Ẹ má bá mi wí," wọ́n ní. "Mo ti dàgbà jù láti máa dúró de ọ̀la. Níbo ni ìyàwó mi wà?"

Kí a tó sọ pé ó ń bọ̀, wọ́n ti wọ yàrá, wọ́n ti fa ìborùn. Pélé ńláńlá wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwọn. Wọ́n wo ojú ọmọ, wọ́n fò sókè.

"Pélé! Pélé tiwa gan-an! Gbogbo ìyàwó táwọn ọmọ mi ń fẹ́, ojú wọn pẹrẹsẹ bí àwo. Ta ló bu tìrẹ fún ọ, àdùkẹ́ mi?"

Wọ́n ti ń jó. Àrínọlá ṣẹ́jú sí mi pé ká dákẹ́, ká jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo yíjú wo ọmọ.

Ìníolúwa kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló bù ú. Ìyá mi ní kí ojú mi lè dán ni. Kò sì ní pẹ́ parẹ́."

Ijó dúró. Ìyá Oyèdèjì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi àtàǹpàkò ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò.

"Kò dùn ọ́?"

"Ó kàn ta mí díẹ̀ ni, mà."

"Tèmi dùn mí. Mo ké títí àwọn adìyẹ fi sá wọgbó." Wọ́n kọjú sí Àrínọlá. "Àna mi, ìwọ ni olóòlà tuntun? Wá tún tèmi bù, ó ti ń ṣá!"

Àrínọlá fi ọwọ́ bojú. Ìníolúwa ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà mú gbogbo wa, títí kan àwọn tó wà níta tí wọn ò mọ ohun tí a ń rín.

"Dìde," ni ìyá náà wí. "Nígbà tí mo sun tèmi, ara mi ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ mi wú, ẹ̀fọn ti jẹ mí lójú. Ohùn mi ni wọ́n ń sọ títí dòní."

Ìníolúwa tú ìborùn sílẹ̀. Ó jáde síta, ojú gbangba, ó gbé ohùn kan tí mi ò kọ́ ọ:

Ẹ wá wo ojú mi, ẹ̀yin ará ilé,
Olóòlà kò débẹ̀.
Ìyá mi ló fún ọsàn,
Oòrùn ló gbé abẹ.
Ìyá tó fẹ́ kí n dán ju òṣùpá lọ,
Bó ṣì mí kùn, kò ṣì mí tọ́.

Àrínọlá sunkún débi pé ọ̀nà tó lọ sí ilé àkọ́kọ́, èmi ni mo mú un lọ́wọ́. Àwọn èèyàn wo ojú ìyàwó, wọ́n wò ó dáadáa, ẹni tó bá béèrè, ó kọ ọ́ lórin fún un, ọ̀pọ̀ sì ní kó tún un kọ. Ìyá Oyèdèjì ń gbè é lẹ́yìn. Ohùn wọn ò bá tiwa mu rárá, ẹnikẹ́ni ò sì lè ní kí wọ́n dákẹ́.