Ọkọ̀ Ẹni Méjì

Ọkọ̀ ojú omi tí káfíńtà gbà fún ẹni méjì péré ti kún kó tó dé etí omi. Ó dúró lórí afárá pákó, fìlà lọ́wọ́ ọ̀tún, ike omi lọ́wọ́ òsì, ó ń ka orí. Ìyàwó rẹ̀ wà níwájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin pẹ́ńpẹ́ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn ní òtẹ́ẹ̀lì, àti aya ọkùnrin náà tó dé fìlà tó fẹ̀ bí agboòrùn. Àwọn obìnrin méjì kan tún wà, ọ̀rẹ́ ara wọn, tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé nídìí oúnjẹ àárọ̀. Atukọ̀ jókòó ti ẹ́ńjìnnì, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wí pé, ẹjọ́ mi kọ́ o.

"Ẹ̀yin nìkan là ń dúró dè, Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Tíṣà ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń kọ́ ọmọ kéékèèké níwèé, ohùn rẹ̀ kì í sì í ṣèèṣì má dé ẹ̀yìn kíláàsì.

"Mo rò pé àwa méjì là ń lọ."

"Ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni." Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo ọkọ̀ sì bá a rẹ́rìn-ín.

Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó rí i pé àyè kan ṣoṣo tó kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin pẹ́ńpẹ́ náà.

Ọjọ́ kẹta wọn ní erékùṣù nìyí. Àwọn ọmọ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbìmọ̀ pọ̀ tí wọ́n ní kí bàbá àti ìyá àwọn lọ sinmi. Àbíkẹ́yìn ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó ríṣẹ́ sí ìlú tó jìnnà, láti ọjọ́ náà sì ni ilé ti dákẹ́ bíi ilé-ìwé lásìkò ọlidé. Káfíńtà ti rò ó pé níbi tí kò bá ti sí ayùn, tí kò sí oníbàárà tó ń béèrè pé ilẹ̀kùn òun dà, tí kò sí ìwé ọmọléèwé tí ìyàwó òun fẹ́ máàkì, àwọn á jókòó, àwọn á wo ara àwọn lójú. Kò retí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kìn-ín-ní tí wọ́n lọ wo omi tó ń já láti orí àpáta, ìyàwó rẹ̀ bá ìdílé kan ṣọ̀rẹ́ lójú ọ̀nà, ó wá di pé káfíńtà ń gbé ọmọ ọlọ́mọ sọ́rùn gun òkè. Lọ́jọ́ kejì, nínú ọgbà òdòdó, àlejò mọ́kànlá ló tò tẹ̀lé obìnrin náà. Ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára igi fún wọn, ó tún ń bi wọ́n léèrè bóyá ó yé wọn. Ìdí rèé tí káfíńtà fi yọ́ lọ bá atukọ̀ nírọ̀lẹ́ àná, tó ní kó gbé àwọn méjì lọ sí erékùṣù kékeré tó wà lọ́hùn-ún, níbi tí ilé iná gíga tí àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ fi ń mọ̀nà wà. Ọ̀rọ̀ tó bá ìyàwó rẹ̀ sọ lórí bẹ́ẹ̀dì ló di ìpolówó nídìí oúnjẹ àárọ̀ yìí.

Ọkọ̀ kò tíì kúrò létí omi tí ọkùnrin pẹ́ńpẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúnkún rẹ̀. Ó sọ ọjọ́ tí orúnkún náà kọ́kọ́ dùn ún, ó sọ ohun tí dókítà àkọ́kọ́ wí, ó sọ ìdí tí dókítà kejì fi pe ti àkọ́kọ́ ní òpè. Omi ń ta sí káfíńtà lójú. Ó ń wo ẹ̀yìn ọrùn ìyàwó rẹ̀ níwájú, bó ṣe ń yí sọ́tùn-ún, tó ń yí sósì, tí àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?" ni Ọ̀gá Orúnkún bi í.

"Mò ń gbọ́. Ẹ ti dé ọ̀dọ̀ dókítà kẹta."

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, atukọ̀ kìlọ̀ fún wọn pé wákàtí kan péré ni wọ́n ní. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi á ti fà sẹ́yìn, ọkọ̀ tó kún á máa ha àpáta.

Ilé iná náà ti gbó, àmọ́ àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣì le dáadáa. Káfíńtà fọwọ́ ra ibi tí igi méjì ti pàdé, ó sì dúró. Kò sí ìṣó kan níbẹ̀. Ẹni tó ṣe é gbẹ́ ẹnu igi kan kó lè wọnú èkejì, ó sì rọra tì í wọlé débi pé ọgọ́rùn-ún ọdún kò lè yà wọ́n. Ara rẹ̀ yá gágá. "Ìyá wọn, wá wo nǹkan."

"Ẹ dúró ná, mò ń ya fọ́tò fún wọn. Ẹ fi han ọ̀gá, wọ́n á gbádùn ẹ̀."

Ọ̀gá sì ti dé lóòótọ́, ó ń tiro, ó na àpò rẹ̀ sí i. "Ẹ bá mi gbé e gòkè, ẹ jọ̀ọ́. Orúnkún yìí..."

Káfíńtà gba àpò náà, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ó sì yà bàrá sáàárín àwọn igi àgbọn.

Ó rìn títí kò fi gbúròó wọn mọ́. Ó mọ̀ pé ìwà ọmọdé lòun ń hù, àmọ́ ẹsẹ̀ ń gbé e lọ. Ó ta èèpo àgbọn kan nípàá, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló jìyà ẹ̀. Nígbà tó dé etí omi lódìkejì, ó jókòó sórí igi kan tó wó, ó ń bá òkun jà nínú ọkàn rẹ̀. Ó gbọ́ tí wọ́n ń pe "Bàbá wọn!" lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò dáhùn. Nígbà tó ṣe, ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì tó ń jìnnà lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ṣé ìyàwó òun bá wọn lọ ni?

Ìyàwó rẹ̀ yọ láàárín àwọn igi, ó fi bàtà rẹ̀ méjèèjì kọ́ ìka.

"Wọ́n ti lọ. Atukọ̀ ní òun á padà wá gbé wa."

"Kí ló dé tó ò bá wọn lọ?"

"Kí n fi yín sílẹ̀ fún akàn?"

Ó jókòó sórí igi náà. Àyè tó fi sílẹ̀ láàárín wọn lè gba àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ohun tí káfíńtà ń wá láti ọjọ́ mẹ́ta nìyí. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìgbì ń wá, ó ń padà. Ó la ẹnu.

"Ìyá wọn."

"Hẹn?"

"Ṣé àbíkẹ́yìn pè lánàá?"

"Ó pè. Ẹ bá a sọ̀rọ̀."

"Òótọ́ ni."

Ó tún wá ọ̀rọ̀ mìíràn bí ẹni ń wá irinṣẹ́ nísàlẹ̀ àpótí, gbogbo èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bà, ti àwọn ọmọ ni: ibà èyí, ìdánwò ìyẹn, ìgbéyàwó tọ̀hún. Kódà orúkọ tí àwọn méjèèjì ń pe ara wọn, àwọn ọmọ ló ni ín.

"Ẹ rí i báyìí?" Ohùn kíláàsì ti kúrò lẹ́nu ìyàwó rẹ̀. "Ìdí tí mo fi ń pe èèyàn mọ́ra nìyẹn. Láti ìgbà tọ́mọ yẹn ti lọ, ìṣẹ́jú mẹ́jọ la fi ń jẹun tán. Mo ti wo aago. Ẹ ó ní o ṣeun, ẹ ó sì lọ bá pákó yín. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ká má lọ jókòó síwájú omi ńlá báyìí, ká wá rí i pé a ti bá ara wa sọ̀rọ̀ tán."

"Ṣé èmi nìkan ni kì í sọ̀rọ̀ ni?" Inú ṣì ń bí i.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ò rí nǹkan kan sọ."

Káfíńtà dorí kodò. Ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀, yanrìn lẹ̀ mọ́ ọn dé ọrùn ẹsẹ̀. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, àpá kan hàn lábẹ́ gìgísẹ̀, tó funfun, tó gùn tó èékánná.

"Kí ló ṣe ẹ́ lẹ́sẹ̀?"

"Èyí? Ìṣó ni. Ní ṣọ́ọ̀bù yín."

"Nígbà wo?"

"Ó ti tó ọdún mọ́kànlá."

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ̀yin àti oníbàárà kan lẹ jọ ń fa ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Mo yọ ọ́ fúnra mi, mo sì padà sílé." Ó gbọn yanrìn kúrò lẹ́sẹ̀. "Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi mí ṣe ọ̀gá àgbà ilé-ìwé ni. Mo wá sọ fún yín."

Káfíńtà yíjú sí i. "Wọ́n fẹ́ fi ìwọ ṣe ọ̀gá àgbà?"

"Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe é. Ilé-ìwé náà jìnnà, àbíkẹ́yìn ṣì kéré. Mo rò pé tẹ́ ẹ bá gbójú sókè, màá bi yín léèrè bóyá kí n gbà á." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín inú ọkọ̀. "Ẹ ò gbójú sókè, mo bá kọ̀wé sí wọn pé ó dìgbà mìíràn."

Káfíńtà gbìyànjú láti rántí ọjọ́ náà, kò rántí. Ó rántí oríṣiríṣi pákó tó ti là láti ọdún mọ́kànlá. Kò rántí oníbàárà tó ń bá jiyàn, kò sì rántí ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí.

Ẹ́ńjìnnì dún lọ́nà jíjìn. Ọkọ̀ náà yọ láti ẹ̀yìn àpáta, ó ṣófo, atukọ̀ sì ń juwọ́ sí wọn. Ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́ sí bàtà rẹ̀.

Káfíńtà gbé ọwọ́ sókè, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí atukọ̀ pé kó ní sùúrù díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sún kúrò níbi tó jókòó sí, títí èjìká rẹ̀ fi kan ti obìnrin náà.

"Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà náà fún ẹ," ó bi í, "kí lo sì wọ̀ lọ́jọ́ náà?"