Òdòdó Tí Omi Rẹ̀ Pọ́n

Ọdún mẹ́sàn-án ni Monísọ́lá ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò kan ní Duluth, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn oníṣòwò ń kó egbòogi ilẹ̀ Ṣáínà wá kí wọ́n tó tà á. Òun ló kọ́ Hephzibah níṣẹ́ nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé lọ́dún tó kọjá.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, Hephzibah rẹ òdòdó gbígbẹ sínú omi. Àwọn ará Ṣáínà ń mu òdòdó yìí kí ẹ̀jẹ̀ lè rìn dáadáa. Omi aláwọ̀ ìyeyè ló yẹ kó jáde lára rẹ̀, àmọ́ ti ọjọ́ yẹn pọ́n bí osùn. Ó gbé e sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ fi hàn pé aró ni, aró tí wọ́n fi ń kun awọ bàtà, tí òfin kò gbà nínú oògùn. Evelyn, ọ̀gá wọn, pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Monísọ́lá náà pàtẹ́wọ́. Ta ló pàtẹ́wọ́ fún òun rí? Nígbà tó délé, Akínjídé ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó ní, “Ọmọ yẹn gbọ́n o.” Monísọ́lá gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ padà sí ilé ìdáná.

Láàárọ̀ Sátidé, òun nìkan padà síbi iṣẹ́. Bóyá ọmọ yẹn ò fọ ìgò rẹ̀ mọ́. Ó ń gbàdúrà pé kó rí bẹ́ẹ̀, ojú àdúrà náà sì ń tì í. Ó tún òdòdó náà yẹ̀ wò. Aró ni.

Ó wá rántí pé oníṣòwò kan náà ti kó irú rẹ̀ wá lóṣù tó kọjá. Monísọ́lá fúnra rẹ̀ ló yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà. Òjé àti oògùn kòkòrò nìkan ló wá nínú rẹ̀. Nígbà tí kò rí wọn, ó fọwọ́ sí i pé kò léwu. Ó fa ìwọ̀nba tí wọ́n tọ́jú pa mọ́ nínú rẹ̀ yọ, ó rẹ ẹ́. Omi pọ́n.

Bó bá dà á nù, ta ni yóò mọ̀? Àmọ́ òdòdó yẹn ti wà nínú ife ẹlòmíràn báyìí.

Ilẹ̀kùn ṣí, Hephzibah wọlé wá mú ìwé tó gbàgbé. “Ẹ káàárọ̀ o, Aunty. Ẹ wá síṣẹ́ lónìí?”

“Àṣìṣe rẹ ni mo wá wá,” Monísọ́lá dáhùn. “Tèmi ni mo rí.”

Hephzibah wo omi náà, ó wo orúkọ Monísọ́lá tó wà lára àpò.

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n máa wo omi kí n tó lọ sídìí ẹ̀rọ.”

“Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.”

Àwọn méjèèjì jọ kọ ìjábọ̀ náà. Ní ọjọ́ Ajé, Monísọ́lá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún Evelyn, wọ́n sì ní kí wọ́n kó òdòdó náà kúrò ní gbogbo ilé ìtajà. Evelyn ò bá a wí púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń wá olórí fún ẹ̀ka egbòogi, Hephzibah ni wọ́n fi ṣe é.

Monísọ́lá kí i kú oríire tọkàntọkàn débi tí agbára rẹ̀ mọ. Owú tó kù nínú rẹ̀, ó gbé e sínú mọ́tò, ó gbé e lọ sílé.